Wíwá ọmọ nílé ìwòsàn: Ohun tó ń jẹ lára òwò yín tí kò sí lórí risíìtì

Lọ́jọ́ tí tọkọtaya bá kọ́kọ́ jókòó síwájú dókítà nítorí ìtọ́jú ọmọ bíbí tí wọ́n ń pè ní IVF, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé èló ni gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn á mú bébà jáde, wọ́n á kọ owó àyẹ̀wò, owó abẹ́rẹ́, owó láábù àti owó iṣẹ́ dókítà sí i, wọ́n á sì ro ó pọ̀. Tọkọtaya á ká bébà náà sápò, wọ́n á kọrí sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí owó ọ̀hún ṣe máa pé.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kì í sí lórí bébà yẹn. Kò sí ẹni tó máa kọ iye ọjọ́ tí ìsọ̀ máa wà ní títì sí i. Kò sí ẹni tó máa kọ iye wákàtí tí èèyàn máa lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní í kọ iye oníbàárà tó máa bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà tó sì máa yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Fún òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, bó bá tọrọ àyè lọ sọ́sibítù, owó oṣù rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n fún télọ̀, onídìrí, ìyá olóúnjẹ àti ẹni tó ń tajà nínú ọjà, ọjọ́ tí kò bá sí nídìí òwò, owó ò wọlé lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ti fara balẹ̀ tu owó ìtọ́jú jọ ló máa ń bá a láàárín ọ̀nà pé owó ọjà ti ń lọ láìmọ ibi tó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2023, wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́fà tó ti dàgbà, ó tó ẹnì kan tó máa ní ìṣòro àìtètè rọ́mọ bí nígbà kan láyé rẹ̀. Ìtọ́jú IVF náà kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́. Ọdún 1978 ni wọ́n bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín àwọn ọdún 1980 sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọsibítù LUTH, l'Ékòó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gba ẹyin lára obìnrin, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin nínú láábù, nígbà tó bá ti di ọlẹ̀, wọ́n á gbé e padà sínú ilé ọmọ. Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, àmọ́ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ rárá

Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ya àwòrán ilé ọmọ, wọ́n á wò ó bóyá ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dí, wọ́n á sì yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan oníṣòwò ni pé èèyàn kọ́ ló ń yan ọjọ́ fún ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí obìnrin bá rí nǹkan oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwòrán tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀nà ẹyin, ẹ̀yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tuntun tó já, ni wọ́n máa ń yà á. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹrù tuntun ń dé sí ọjà, tàbí ọjọ́ tí ìyàwó tuntun ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀, ara ò ní í dúró de ọjà. Bí wọ́n bá pàdánù ọjọ́ náà, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Oṣù kan kì í ṣe nǹkan kékeré níbí, torí ọjọ́ orí obìnrin wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ìtọ́jú náà máa bọ́ sí i. Àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HFEA, ṣàkọsílẹ̀ pé lọ́dún 2019, nínú 100 ọlẹ̀ tí wọ́n gbé sínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35, bíi 32 ló di ọmọ. Láàárín àwọn tó wà ní ọdún 40 sí 42, bíi 11 péré ni. Ẹni tó bá ń sún un síwájú lọ́dọọdún nítorí ọjà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń sún síwájú ń dínkù.

Ọ̀sẹ̀ méjì abẹ́rẹ́

Bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin á máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá kí ẹyin púpọ̀ lè dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lo oògùn mìíràn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú èyí. Wọ́n máa ń fẹ́ kí èèyàn gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ aago méje alẹ́ ni wọ́n fi í sí, àkókò yẹn gan-an ni ìyá olóúnjẹ ń bu oúnjẹ alẹ́ fáwọn oníbàárà, òun náà ni àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ máa ń dúró ra nǹkan.

Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó jẹ́ 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ìyẹn ti di iṣẹ́ àti owó mìíràn. Ẹlòmíì á máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí abẹ́rẹ́ nìkan. Ẹlòmíì á wá kúlà, á ra omi dídì, á fi aṣọ wé e kó má fara kan oògùn, á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Abẹ́rẹ́ tó bá bà jẹ́ nítorí ooru, owó ńlá ló dànù yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì èyí tó nílò fíríìjì àti èyí tí kò nílò rẹ̀ nínú àwọn oògùn náà kẹ́ ẹ tó gbé wọn kúrò lọ́sibítù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí náà ni wọ́n á máa pe obìnrin wá fún sikáànì, bíi ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ bí ẹyin ṣe ń dàgbà sí. Òwúrọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Sikáànì fúnra rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àmọ́ ìrìn àjò àti ìdúró lórí ìlà ló ń jẹ òwúrọ̀ tán. Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé ohun tí dókítà bá rí lónìí ló máa fi sọ ìgbà tí wọ́n máa padà wá, nítorí náà èèyàn ò lè mọ̀ lọ́jọ́ Ajé ibi tóun máa wà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gba ẹyin

Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni kò fàyè gba àṣìṣe rárá. Wákàtí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹyin. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹyin ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá ṣe pé àárín ọ̀nà ni ọkọ̀ ti há, tàbí pé oníbàárà kan ló dá obìnrin náà dúró, gbogbo owó àti làálàá ọ̀sẹ̀ méjì lè wọmi, torí ẹyin lè má tíì gbó, ó sì lè ti já fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ gbígba ẹyin kì í pẹ́, bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ṣùgbọ́n wọ́n á fún obìnrin lóògùn tó máa mú un sùn. Kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yẹ kó fọwọ́ sí ìwé owó tàbí àdéhùn ọjà kankan lọ́jọ́ náà. Ọkọ tàbí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ mú un dé ilé. Ìyẹn ni pé èèyàn méjì ni ò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ẹrù, ẹ fetí sí èyí. Láàárín àkókò abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ẹyin, ilé ẹyin inú obìnrin máa ń wú. Àsìkò yẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn máa gbé bẹ́ẹ̀lì òkìrìká, àpò gàrí tàbí ìkòkò ńlá, torí ilé ẹyin tó wú lè lọ́ pọ̀, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ. Bí ikùn bá ń wú gan-an, tí mímí ń ṣòro, tàbí tí ìtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, kí wọ́n má ṣe dúró de ìgbà tí wọ́n máa ti ìsọ̀, ọsibítù ni kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń lo ọjọ́ mélòó kan lórí ibùsùn ọsibítù nítorí rẹ̀. Fún ìdí yìí, kò bọ́gbọ́n mu kí télọ̀ ṣèlérí aṣọ ìnáwó fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n máa gba ẹyin.

Ìdúró tó ń gba ọkàn

Ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gbé ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ. Nígbà mìíràn, dókítà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọlẹ̀ sínú yìnyín títí di oṣù kan tàbí méjì sí i kí ara obìnrin lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tí wọ́n ti fi sí oṣù kan á di oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ wọlé, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá oyún ti dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé orí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kí obìnrin wà fún gbogbo àkókò yìí, àwọn mìíràn sì máa ń ti ìsọ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìwádìí àwọn oníṣègùn ò fi hàn pé dídùbúlẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí oyún dúró. Iṣẹ́ tí kò le ò ní í ba nǹkan jẹ́, àyàfi bí dókítà ẹni bá sọ ohun tó yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ti gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ padà fún òwò rẹ̀.

Àmọ́ ọkàn ò sí níbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó sì yẹ kéèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń ṣi ṣẹ́ńjì kà, tí wọ́n máa ń gbàgbé gbèsè tó wà níta, tí wọ́n sì máa ń gé aṣọ aláṣọ sódì. Bí èsì bá jáde tí oyún ò dúró, ìbànújẹ́ náà máa ń gba ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìkòròdú ló ń gbé, ó ń ta aṣọ ní Balógun, Ìkẹjà sì ni ilé ìwòsàn tó ti ń gbàtọ́jú wà. Ká ní èrè tó ń jẹ lójúmọ́ jẹ́ 15,000 náírà. Yóò lọ sọ́sibítù nígbà mẹ́rin kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, yóò lọ nígbà márùn-ún láàárín àkókò abẹ́rẹ́, yóò tún lọ lọ́jọ́ gbígba ẹyin, lọ́jọ́ gbígbé ọlẹ̀ wọlé àti lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún. Ìgbà méjìlá nìyẹn.

Nínú méjìlá yìí, méjì jẹ́ odindi ọjọ́, mẹ́wàá tó kù sì jẹ́ ìdajì ọjọ́, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Bó bá sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ mẹ́wàá. Èrè tó sọ nù jẹ́ 150,000 náírà. Bí owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ bá jẹ́ 5,000 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méjìlá di 60,000. Ká fi 20,000 sí omi dídì àti epo jẹnẹrétọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 230,000 náírà, kò sì sí kọ́bọ̀ kankan níbẹ̀ tó wà lórí bébà ilé ìwòsàn.

Ká wá ní ó rí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán tó máa ṣí ìsọ̀ dè é láwọn ọjọ́ mẹ́wàá náà, tó sì ń san 3,000 fún un lójúmọ́. Ó ti ná 30,000. Àmọ́ bí onítọ̀hún bá lè pa ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè tó ń wọlé tẹ́lẹ̀, 100,000 ti padà wọlé. Ohun tó máa sọ nù lára obìnrin yìí á wálẹ̀ sí 160,000. Ó ti jèrè 70,000, àwọn oníbàárà rẹ̀ ò sì ní í bá ìsọ̀ ní títì. Kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ rọ́pò iye inú àpẹẹrẹ yìí. Kó sì rántí pé ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló máa ń ṣe ìtọ́jú yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó bọ́ sí i, nítorí náà kó tún un ṣírò ní ìlọ́po méjì.

Iṣẹ́ ọkọ wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ló ka gbogbo ìrìn yìí sí iṣẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀, ara ọkùnrin náà ni ìṣòro àìrọ́mọ bí ti máa ń wá lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn sì rèé, ara àwọn méjèèjì ni. Àyẹ̀wò àtọ̀ ò gba àsìkò púpọ̀, kò sì lóró. Àmọ́ tí ọkùnrin bá ń sá fún un, ìyàwó lè fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe àyẹ̀wò kiri lórí ohun tí kò sí lára rẹ̀. Owó àti ọjà ló ń ṣòfò yẹn.

Ọkọ tó ń wakọ̀ lọ sí Kánò tàbí tó ń lọ kó ọjà ní Kùtọnu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n nílò òun lọ́jọ́ gbígba ẹyin. Kó tó dọjọ́ náà, kò ní í bá obìnrin sùn fún ọjọ́ mélòó kan bí dókítà bá ṣe sọ. Bí kò bá dá a lójú pé òun máa wà nílé, ó lè béèrè bóyá wọ́n lè gba àtọ̀ òun sílẹ̀ kí wọ́n fi í sínú yìnyín. Yàtọ̀ síyẹn, wíwá omi dídì, bíbá ìyàwó lọ fún sikáànì àti jíjókòó nínú ìsọ̀ dè é kì í ṣe ohun tó kọjá agbára ọkọ.

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi àìsàn tó tó ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ó sì fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kò sí ìsinmi kankan tí òfin náà dárúkọ fún ẹni tó ń gbàtọ́jú láti lóyún. Ọwọ́ ọ̀gá ló kù sí.

Ọ̀gá tó bá gbọ́n kò ní í lé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ nítorí àárọ̀ mẹ́fà. Ó lè ní kó máa wọlé ní aago mọ́kànlá, kó sì fi ìrọ̀lẹ́ dí i. Kò sì yẹ kí ọ̀gá fipá béèrè irú ìtọ́jú tó ń gbà, ìwé dókítà ti tó. Ẹni tó máa kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ máa pàdánù ju àárọ̀ mẹ́fà lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́, ẹ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò. Ẹ ṣí àpò ìfowópamọ́ mìíràn fún un ní báńkì, tàbí kẹ́ ẹ dá àjọ tí ẹ máa kó ní oṣù tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ọjà aláràjẹ́ ṣe ìtọ́jú máa rí i pé gbèsè ti dúró de òun kí èsì tó jáde. Kẹ́ ẹ sì fi owó àwọn ọjọ́ tí ẹ ò ní í sí nídìí òwò kún iye tí ẹ̀ ń tù jọ.

Ìkejì, ẹ wo ìgbà tí ọjà ń tà. Ẹni tó ń rán aṣọ ilé ìwé ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, télọ̀ ò sì gbọdọ̀ fi í sí ọ̀sẹ̀ Iléyá tàbí Kérésìmesì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ń kó àwọn tó ń gbàtọ́jú jọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè fi oògùn sún nǹkan oṣù kó bá àsìkò mu. Ẹ béèrè ètò ọdún wọn. Àmọ́ kí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ má fi ọjà ṣe àwáwí.

Ìkẹta, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ béèrè sílẹ̀: ìgbà mélòó la máa wá? Aago mélòó lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sikáànì? Ṣé ẹ lè ṣe àyẹ̀wò méjì lọ́jọ́ kan? Ṣé nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò wa lè máa gún wa lábẹ́rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kọ́ wa bí a ṣe máa gún un fúnra wa? Bí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì ìlera, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni kì í san án. L'Ékòó, ẹ wò ó bóyá àjọ HEFAMAA tó ń mójú tó àwọn ilé ìwòsàn fún wọn níwèé àṣẹ. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọjà lè dára fún òwò yín ju èyí tó fi owó díẹ̀ dínkù àmọ́ tó jìnnà lọ.

Ìkẹrin, ẹ sọ fún ẹnì kan. Kò pọn dandan kí gbogbo ọjà gbọ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá ẹrù náà gbé, tó ń parọ́ fún ọmọ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tó tún ń parọ́ fún oníbàárà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní iye tí ẹ̀ ń ta ọjà àti orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó, kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Kò sí oníṣòwò tó ń lọ kó ọjà láìṣírò owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó oúnjẹ mọ́ ọn. Ọmọ ṣe iyebíye ju ọjà lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣírò tirẹ̀ dáadáa. Bí oyún bá dúró, ọmọ náà máa nílò òwò tó ṣì wà lórí ìdúró nígbà tó bá dé. Bí kò bá sì dúró lákọ̀ọ́kọ́, òwò yẹn náà ni wọ́n máa fi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì.